A Kì í Fá Orí Lẹ́yìn Olórí: Bí Ìjọba Ẹkùn Ṣe Wọ Ọ̀rọ̀ Iṣẹ́ Àgbẹ̀

Ọ̀rọ̀ oko ni a mú wá, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ọkọ́ àti àdá. Ọ̀rọ̀ àṣẹ ni. Ta ni ó ń pinnu iye tí a ó ta irè oko wa? Ta ni ó ń sọ pé òwú ni kí á gbìn, kì í ṣe àgbàdo? Ṣé ẹni tí ó jókòó sí ìlú ńlá tí ó jìnnà ni, àbí ẹni tí ó mọ ọ̀nà oko wa?

Kí á tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ará wa ní ìhà kejì ààlà, ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà.

Ìgbà tí àṣẹ wà lókèèrè

Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso Nàìjíríà, kòkó ni ó ń mú owó wọlé jù ní ilẹ̀ Ìbàdàn, Ifẹ̀, Iléṣà àti Oǹdó. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tí ó gbìn ín kò ní ẹnu nínú iye tí wọn yóò rà á. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ni ó ń ra gbogbo kòkó. Ní 1947, wọ́n dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ fún kòkó gbogbo Nàìjíríà. Ìgbìmọ̀ yìí ni ó ń fi iye lé e lọ́dọọdún. Bí kòkó bá wọ́n lókèèrè, ìgbìmọ̀ kì í san gbogbo owó náà fún àgbẹ̀. Ó ń fi díẹ̀ pamọ́. Wọ́n ní bí ọjà bá já wálẹ̀ lọ́la, owó yẹn ni àwọn yóò fi gbé iye rẹ̀ ró.

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni í tẹ ilẹ̀ tútù. Ṣùgbọ́n omi àgbẹ̀ ni, ẹlòmíràn ni ó di agbè mú.

Ní àwọn ọdún 1940 yìí kan náà, àìsàn kan tí ó ń mú kí ẹ̀ka kòkó wú bẹ̀rẹ̀ ní àyíká Ìbàdàn. Ìjọba rán àwọn òṣìṣẹ́ láti gé igi tí àìsàn náà mú. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ bínú, nítorí wọ́n rí i pé igi náà ṣì ń so. Òṣìṣẹ́ kò purọ́, kò sí oògùn tí ó lè wo igi náà sàn. Ṣùgbọ́n a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Wọn kò jókòó ti àgbẹ̀ tó kí wọ́n tó gbé àáké.

Àṣẹ dé Ìbàdàn

Ní 1951, òfin tuntun fún ẹkùn mẹ́ta Nàìjíríà ní agbára láti máa ṣe òfin tiwọn. Ní 1954, agbára yìí pọ̀ sí i, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ sì bọ́ sí ọwọ́ ẹkùn kọ̀ọ̀kan. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ di olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ní Ìbàdàn. Wọ́n tú ìgbìmọ̀ kòkó àtijọ́ ká, ẹkùn kọ̀ọ̀kan sì ní ìgbìmọ̀ ọjà tirẹ̀, pẹ̀lú ìpín tirẹ̀ nínú owó tí wọ́n ti fi pamọ́.

Inú ọ̀pọ̀ ènìyàn dùn. Ọmọ ilẹ̀ ni ó ń ṣàkóso, èdè wa ni ó sì ń sọ. Ohun tí ojú rí sì pọ̀. Ní oṣù kìíní 1955, ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní gbogbo ẹkùn náà. Wọ́n la ọ̀nà. Ní 1965, ilé gíga tí wọ́n ń pè ní Ilé Kòkó, tí ó ní àjà 26, parí ní Ìbàdàn. Owó kòkó wà lára ohun tí wọ́n fi ṣe iṣẹ́ wọ̀nyí.

Ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bí ìṣòro mìíràn. Àwọn ọmọ tí ó jáde ìwé kò fẹ́ padà sí oko. Iṣẹ́ ọ́fíìsì kò sì kárí wọn. Láti nǹkan bí ọdún 1959, ìjọba ẹkùn bẹ̀rẹ̀ sí dá abúlé oko tuntun sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́, irú èyí tí ó wà ní Ìlọrà, lẹ́bàá Ọ̀yọ́. Wọ́n ti lọ wo irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Ísírẹ́lì. Ìjọba kọ́ ilé, ó pín ilẹ̀, ó sì yá wọn lówó. Èrò náà dára, ṣùgbọ́n owó tí wọ́n ná lórí ọ̀dọ́ kọ̀ọ̀kan pọ̀ jù. Igi tí wọ́n gbìn kì í tètè so, suuru sì tán. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ fi oko náà sílẹ̀, wọ́n gba ìlú lọ. Àwọn àgbẹ̀ àtijọ́ tí wọ́n wà lórí ilẹ̀ wọn kò rí irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ gbà.

Àwọn àgbẹ̀ kọ̀ yà

Ní 1962, ìgbìmọ̀ ìwádìí kan tí Adájọ́ Coker jẹ́ alága rẹ̀ yẹ àkáǹtì wò. Ó rí i pé owó ńlá ti inú àpò ìgbìmọ̀ ọjà bọ́ sí ọwọ́ ilé-iṣẹ́ kan tí ó so mọ́ ẹgbẹ́ òṣèlú tí ó ń ṣàkóso ẹkùn náà. Ìjà òṣèlú gbóná nígbà náà, àwọn kan sì sọ pé ìjà ni ó bí ìwádìí ọ̀hún. Síbẹ̀, ohun kan hàn: owó tí wọ́n ní àwọn ń tọ́jú de àgbẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́ bí ó ti yẹ. Nígbà tí iye kòkó já wálẹ̀ ní àárín àwọn ọdún 1960, omi tí a dà síwájú ti gbẹ.

Ní 1968, ó dé ojú rẹ̀. Iye kòkó kéré, owó orí pọ̀, àwọn agbowó-orí sì ń yọ àgbẹ̀ lẹ́nu. Àwọn àgbẹ̀ kó ara wọn jọ ní ìgbèríko Ìbàdàn àti àwọn ìlú mìíràn. Orúkọ tí wọ́n fún ẹgbẹ́ wọn ni Àgbẹ́kọ̀yà. Tafa Adéoyè jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú wọn. Ìjà náà le. Ẹ̀mí ṣòfò, ti àgbẹ̀ àti ti àwọn mìíràn. Ní 1969, wọ́n pa Ṣọ̀ún Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n sì fọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi. Ọdún náà ni ìjọba gbà láti dín owó orí kù sí pọ́n-ùn méjì lọ́dún.

Ẹ kíyè sí i. Kì í ṣe òyìnbó ni àgbẹ̀ dìde sí lọ́tẹ̀ yìí. Ìjọba tí ó wà nítòsí, tí ó ń sọ èdè wọn, ni. Ojú olójú kì í jọ ojú ẹni, kódà bí olójú bá jẹ́ ará ilé.

Lẹ́yìn náà àṣẹ tún padà sókè. Ní 1977, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà gba ọjà kòkó kúrò lọ́wọ́ àwọn ìpínlẹ̀. Ní 1986, wọ́n pa àwọn ìgbìmọ̀ ọjà rẹ́ pátápátá, oníkálukú sì ń ta kòkó rẹ̀ fún ẹni tí ó wù ú.

Nílé tiwa ńkọ́?

Ní Bẹ̀nẹ̀, ọ̀nà tí a gbà yàtọ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan náà ni. Ní 1961, nígbà tí a ṣì ń jẹ́ Dàhòmì, òfin jáde tí ó jẹ́ kí ìjọba kó ilẹ̀ pọ̀ láti fi dá oko ọ̀pẹ ńlá sílẹ̀. Ní 1975, wọ́n dá CARDER sílẹ̀ ní ẹkùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí orílẹ̀-èdè wa ní nígbà náà. Àwọn òṣìṣẹ́ CARDER wá sí abúlé, wọ́n kọ́ wa ní ọ̀nà òwú, wọ́n sì mú ajílẹ̀ wá. Ẹkùn ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Kùtọnu ni àṣẹ ti ń wá.

Lẹ́yìn ìpàdé ńlá gbogbo orílẹ̀-èdè ní 1990, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí yí padà. Òfin 1999 pín ilẹ̀ wa sí ẹkùn 12 àti ìjọba ìbílẹ̀ 77. Ìdìbò àkọ́kọ́ fún wọn wáyé ní òpin 2002 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2003. Kétu ní tirẹ̀, Ṣábẹ ní tirẹ̀. Ọ̀nà oko àti ọjà wà lára iṣẹ́ tí òfin fi lé wọn lọ́wọ́. Ní 2016, ìjọba fi ilé-iṣẹ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ méje tí wọ́n pín káàkiri ilẹ̀ wa rọ́pò ètò àtijọ́, kí agbègbè kọ̀ọ̀kan lè gbájú mọ́ irè tí ilẹ̀ rẹ̀ fẹ́. Síbẹ̀, iye òwú ṣì ń ti ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀ wá.

Kí ni a rí kọ́?

Ó dára kí àṣẹ súnmọ́ oko. Ẹni tí ó wà nítòsí ni ó lè rí i pé afárá ti wó. Ṣùgbọ́n sísúnmọ́ nìkan kò tó. Àgbẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbi tí wọ́n ti ń pín owó, kí ó sì lè ka ìwé tí wọ́n kọ ọ́ sí. Àgbẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà kò rí ìwé àkáǹtì àpò kòkó títí àpò fi gbẹ. Ìdí nìyí tí a fi ń kọ́ ìwé kíkà. Bí a bá lè ka òṣùwọ̀n, tí a lè ka ìwé ẹ̀rí owó, tí a sì lè béèrè ìwé ìnáwó lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ wa, kò sí ẹni tí yóò fá orí wa lẹ́yìn wa.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Kí ni ìgbìmọ̀ ọjà ṣèlérí fún àgbẹ̀ kòkó? Kí ni ó ṣẹlẹ̀ sí ìlérí náà?
2. Kí ló dé tí àwọn ọ̀dọ́ fi fi abúlé oko tuntun sílẹ̀?
3. Ní abúlé tiyín, ta ni ó ń pinnu ibi tí ọ̀nà oko yóò gbà? Ṣé wọ́n pè yín sí ìpàdé náà?