Ìtàn Ọmọdébìnrin Tó Ń Fẹ́ Ẹṣin

Ìtàn ọmọdébìnrin tí ọkàn rẹ̀ fà sí ẹṣin jẹ́ ẹ̀ka pàtàkì nínú ìwé ìtàn ọmọdé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà. Láti nǹkan bí ọdún 1930 ló ti gbilẹ̀. Bó ṣe sábà máa ń lọ nìyí: ọmọbìnrin kan ń fẹ́ ẹṣin, owó kò sí nílé. Nígbà tí ẹṣin bá jàjà dé, ọmọ náà yóò rí i pé iṣẹ́ ló dé: bíbọ́ ọ, fífọ̀ ọ́, kíkó ìgbẹ́ rẹ̀, kíkọ́ bí a ṣe ń jókòó lórí gàárì láìjá bọ́. Inú iṣẹ́ yẹn ló ti ń dàgbà, ibẹ̀ sì ni adùn ìtàn wọ̀nyí wà.

Orísun

Anna Sewell ló la ọ̀nà pẹ̀lú Black Beauty, tó jáde ní 1877. Ọmọ ọdún 14 ni Sewell nígbà tó ṣubú tó fẹsẹ̀ ṣèṣe. Láti ìgbà náà, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ló ń gbé e káàkiri. Nínú ìwé náà, ẹṣin fúnra rẹ̀ ló ń ròyìn oore àti ìyà tó rí lọ́wọ́ àwọn olówó rẹ̀. Nígbà tó yá, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹṣin, ẹṣin gígùn sì di eré ìdárayá. Wọ́n dá Pony Club sílẹ̀ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1929 fún àwọn ọmọdé tó ń gun ẹṣin. Ní ti ọmọ tí òbí rẹ̀ kò lówó, inú ìwé ló ti lè rí ẹṣin tirẹ̀.

Velvet Brown

Ọ̀kan lára àwọn ìtàn wọ̀nyí tó lókìkí jù ni National Velvet tí Enid Bagnold kọ ní 1935. Ọmọ alápatà ni Velvet, ọmọ ọdún 14, ní abúlé kan ní Sussex. Kó tó ní ẹṣin kankan, ó ti ń gé àwòrán ẹṣin láti inú ìwé ìròyìn, ó sì ń tọ́jú wọn sínú àpótí bí ẹni tó ń tọ́jú wúrà. Nínú fíìmù tí wọ́n fi ìwé náà ṣe ní 1944, a rí Elizabeth Taylor, tó ṣe Velvet, lórí bẹ́ẹ̀dì, ó so okùn mọ́ ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń fà á bí ìjánu.

Tíkẹ́ẹ̀tì tẹ́tẹ́ kan ló gbé ẹṣin aláwọ̀ dúdú òun funfun lé Velvet lọ́wọ́. Ó pinnu láti fi ẹṣin náà wọ Grand National, eré ẹṣin ńlá tí wọ́n ń sá ní Aintree, ní Liverpool, níbi tí ẹṣin ti ń fo ìdènà 30. Obìnrin kò láṣẹ láti gùn níbẹ̀ nígbà náà, nítorí náà ló ṣe múra bí ọkùnrin. Ìyá rẹ̀ kò dá a dúró: òun náà ti lúwẹ̀ẹ́ kọjá òkun tó wà láàárín Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé nígbà èwe rẹ̀. Velvet gbégbá orókè, àmọ́ wọ́n gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Jean, Jill àti Ruth

Ní 1936, Joanna Cannan kọ A Pony for Jean. Owó bọ́ lọ́wọ́ òbí Jean, wọ́n sì kó kúrò ní London lọ sí ìgbèríko. Ẹṣin tí wọ́n fún un rù débi pé èèyàn lè ka egungun ìhà rẹ̀. Jean tọ́jú rẹ̀ títí ó fi di ẹṣin gidi. Àwọn ọmọbìnrin Cannan, Josephine, Diana àti Christine Pullein-Thompson, di òǹkọ̀wé ìtàn ẹṣin bí ìyá wọn.

Jill Crewe, tí Ruby Ferguson bẹ̀rẹ̀ ìtàn rẹ̀ ní 1949, kò ní bàbá mọ́. Ìwé ni ìyá rẹ̀ ń kọ láti fi gbọ́ bùkátà. Ọkùnrin kan tí kò lè fẹsẹ̀ rìn mọ́ ló kọ́ Jill ní ẹṣin gígùn. Nínú Fly-by-Night, tí K. M. Peyton kọ ní 1968, Ruth Hollis ra ẹṣin tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ́ ní nǹkan. Gàárì, ìjánu, irin pátákò: gbogbo rẹ̀ ló ń béèrè owó.

Ní Amẹ́ríkà

Marguerite Henry gbé Misty of Chincoteague jáde ní 1947. Nínú ìwé náà, Paul Beebe àti Maureen àbúrò rẹ̀ fi oríṣiríṣi iṣẹ́ kó 100 dọ́là jọ láti fi ra Phantom, abo ẹṣin inú igbó. Nígbà tí wọ́n mú un, ó ti bímọ: ọmọ náà ni Misty. Misty wà lóòótọ́. Henry rà á, ó sì gbé e sílé.

Láti inú ìwé dé pápá

Òfin tó fòpin sí yíya obìnrin sọ́tọ̀ jáde ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1975. Ní 1977, ọdún 42 lẹ́yìn ìwé Bagnold, Charlotte Brew di obìnrin àkọ́kọ́ tó gun ẹṣin nínú Grand National. Ẹṣin rẹ̀ kọ̀ láti fo nígbà tí eré kù díẹ̀ kó parí. Ní 2021, Rachael Blackmore, ọmọ Ireland, gun Minella Times, ó sì gba ipò kìíní. Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Nínú eré yìí, ẹṣin tí ọmọdé fi bébà gé ló ṣáájú.