Ìtọ́jú Odidi Ènìyàn: Ta Ló Ni Í?

Nígbà tí ‘holistic’ bá yọjú nínú ìwé ìlera, àwọn atúmọ̀ kan máa ń kọ ‘ìṣègùn ìbílẹ̀’ sí i, wọ́n á sì fi ‘ìṣègùn òyìnbó’ dojú kọ ọ́. Ó rọrùn, ṣùgbọ́n kò tọ̀nà. Irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ti dájọ́ kí ẹjọ́ tó dé ilé.

Òyìnbó gan-an ló ṣẹ̀dá ‘holistic’. Jan Smuts, olóṣèlú South Africa, ló fa gbòǹgbò rẹ̀ yọ nínú èdè Gíríìkì, nínú ìwé tó ṣe ní 1926, láti fi sọ pé odidi ju àpapọ̀ ẹ̀yà ara rẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìṣègùn tí à ń pè ní ti òyìnbó kì í ṣe tiwọn nìkan. Tu Youyou, obìnrin ará Ṣáínà, àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ló yọ artemisinin lára ewé tí àwọn baba ńlá wọn ti ń lò sí ibà. Ó gba ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní 2015. Oògùn ibà inú páálí tí à ń rà lónìí, ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wá. ‘Ìṣègùn ìgbàlódé’ kò tẹ́ mi lọ́rùn náà, torí ó ń sọ èkejì di àkísà. ‘Ìṣègùn ọsibítù’ ni mo yàn: ibi tí a ti ń rí i ló fi ń jẹ́ orúkọ.

Kí ni ká wá pe ‘holistic’? ‘Gbogbogbòò’ ti níṣẹ́ lọ́wọ́: ìlera gbogbogbòò ni ọ̀rọ̀ omi mímu, ìdọ̀tí àti abẹ́rẹ́ àjẹsára fún ará ìlú. ‘Ìtọ́jú odidi ènìyàn’ ló dára jù lójú mi. Ó ń sọ bí a ṣe ń tọ́jú aláìsàn, kò sọ ẹni tó ni ìtọ́jú. Dókítà lè ṣe é. Ẹni tó ń bu àgbo kan náà fún gbogbo èrò ní gáráàjì, tí kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ohun tó ń ṣe é, kò tíì ṣe é.

Ẹ wo ọsibítù àrùn ọpọlọ tó wà ní Aro, ní Abẹ́òkúta. Ní 1954 ni Adéoyè Lambo, dókítà àrùn ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ sí í fi aláìsàn wọ̀ sílé àwọn àgbẹ̀ ní abúlé tó yí ọsibítù náà ká. Ẹbí kan, bóyá ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n, gbọ́dọ̀ bá aláìsàn wá. Òun ni yóò máa dáná, tí yóò máa fọṣọ, tí yóò mú un lọ gba ìtọ́jú, kí wọ́n tó jọ padà sáàárín àwọn ará abúlé. Lambo pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra, wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Ẹ sọ fún mi, ìbílẹ̀ nìyẹn ni, àbí òyìnbó? Odidi ènìyàn ni wọ́n ń tọ́jú, abẹ́rẹ́ wà níbẹ̀, ọbẹ̀ ìyá náà wà níbẹ̀.

Òfin tó dá Àjọ Ìlera Àgbáyé sílẹ̀, tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní 1948, sọ pé ìlera kọjá kí àìsàn má sí. Ó kan ara, ọkàn àti àjọṣe ẹni pẹ̀lú àwùjọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ‘ìlera’ ní Yorùbá fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò lórí ara nìkan. ‘Àlàáfíà’ tí a gbà lọ́wọ́ èdè Lárúbáwá ló gba gbogbo rẹ̀: ẹni tó bá bi yín pé ṣé àlàáfíà ni, ó ń béèrè ọmọ, ilé àti iṣẹ́ mọ́ ọn.

Ibi tó le jù ni ‘complementary’ àti ‘alternative’. Bí a bá pe méjèèjì ní ‘ìṣègùn mìíràn’, a lè pa èèyàn. Ẹlẹ́jẹ̀ ríru tó ń lo oògùn dókítà, tó wá ń fi ìdárayá àti ìfọwọ́ra kún un, ‘ìtọ́jú àfikún’ ló ń gbà. Ẹni tó da oògùn náà nù torí pé ó ti rí àgúnmu, ‘ìtọ́jú àfirọ́pò’ ló yàn. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè máa ga láìjẹ́ pé orí fọ́ ọ, títí rọpárọsẹ̀ yóò fi dé. Níbikíbi tí mo bá kọ ‘àfikún’, mo máa ń fi gbólóhùn kan tẹ̀ lé e: ẹ sọ gbogbo ohun tí ẹ ń mu fún dókítà yín, torí àgbo lè bá oògùn jà nínú ara.