Ọjọ́ kan lẹ́yìn ẹyẹ, láti Àkúrẹ́ dé Oǹdó

Aago mẹ́fà àárọ̀, Àkúrẹ́. Oṣù Ẹrẹ́nà ni, òjò àkọ́rọ̀ sì ti rọ̀ lóru. Ẹ̀yìn ọgbà yunifásítì FUTA ni ẹlúlùú ti ń ké, ohùn rẹ̀ ń dà sílẹ̀ bí omi tó ń tú lẹ́nu ìgò. Àbúrò mi, tó ń kọ́ nípa ẹran ìgbẹ́ nílé ẹ̀kọ́ náà, kọ ọ́ sórí fóònù. Iṣẹ́ Nigerian Bird Atlas Project là ń bá wọn ṣe. Láti 2015 ni wọ́n ti pín Nàìjíríà sí igun-igun, ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bíi kìlómítà 9. Ẹni tó bá wọ igun kan yóò lo wákàtí 2 níbẹ̀, ó kéré tán, yóò sì máa kọ ẹyẹ bó bá ṣe ń rí wọn.

Aago méje. A kò lè kúrò nídìí ọ̀pẹ kan. Akọ ẹ̀ga, olórí dúdú, ẹlẹ́yinjú pupa, fi ẹnu gé etí imọ̀, ó gbéra, ìfò rẹ̀ ló sì fa ewé náà ya tín-ín-rín dé ṣóńṣó. Ó hun ún mọ́ ìtẹ́, ó sorí kodò lábẹ́ rẹ̀, ó ń gbọn ìyẹ́ pe ìyàwó. Abo yọjú wo inú ilé, kò wù ú, ó lọ. Bí abo kankan kò bá gbà títí ewé fi gbẹ, akọ náà ni yóò tú ilé palẹ̀ tí yóò tún òmíràn hun. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká máa lọ," ni àbúrò mi ń wí.

Aago mẹ́jọ ààbọ̀. Lékèélékèé ń tẹ̀lé màlúù. Irun orí àwọn kan ti ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, àmì pé ìgbà yíyé ẹyin kù sí dẹ̀dẹ̀. Bí òjò bá ti ń le, Àríwá ni wọ́n ń kọrí sí. Irú wọn láti Áfíríkà fò kọjá òkun Àtìláńtíìkì dé Gúúsù Amẹ́ríkà ní òpin ọ̀rúndún 19, láìsí ẹni tó kó wọn lọ.

Aago mẹ́wàá, Ọ̀wẹ̀nà. Nínú oko kòkó, ìyẹ́ àtíòro ń dún wùù lókè. Inú ihò igi ńlá ni abo rẹ̀ ń wọ̀, tí wọn á fi ẹrẹ̀ dí ẹnu ihò náà mọ́ ọn, àlàfo tóóró ló máa ń kù tí ọkọ ń gbà fún un lóúnjẹ. Ìdí nìyẹn tó fi ń dùn mí bí mo bá rí ìrókò àtijọ́ tí wọ́n gé lulẹ̀ láàárín kòkó. Igi kòkó kò ní irú ihò bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sán gangan: oòrùn mú, ẹyẹ dákẹ́. A jẹun ní Bọ́lọ́rundúró.

Aago mẹ́rin, odò ẹran kan ní Oǹdó. Àwòdì ń rà bàbà, kannakánná ń já ìfun gbà. Gúnnugún ni mo tìtorí rẹ̀ wá, n kò rí ẹyọ kan. Bàbá alápatà kan ní: "Ẹ̀yin ọmọ mi, orí páànù yẹn ni wọ́n máa ń tò sí nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́. Ẹ wá láàárọ̀ kùtù tí a bá ń dúńbú. Bó bá kù, ìgbà yẹn ló máa wá." Ní 2015 ni IUCN, àjọ tó ń rí sí ìdáàbòbò ẹ̀dá, kọ gúnnugún mọ́ àwọn tó wà ní bèbè àkúrun. Májèlé ń pa á, wọ́n sì ń ta orí rẹ̀ fún oògùn. Ẹyẹ tó ń bá wa palẹ̀ òkú ẹran mọ́ lọ́fẹ̀ẹ́! Ọmọ tó ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ nínú ẹsẹ Ifá lónìí lè dàgbà láìfojú kàn án.

Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Alápàńdẹ̀dẹ̀ tò sórí wáyà iná. Àwọn oníwájú pupa, onírù gígùn inú wọn kì í kọ́lé lọ́dọ̀ wa. Yúróòpù ni wọ́n ń padà sí, aginjù Sàhárà ni wọn yóò là kọjá, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju nǹkan bíi gíráàmù 20 lọ. Àbúrò mi fi àkọsílẹ̀ ránṣẹ́, gúnnugún kò sí nínú rẹ̀. A sùn sí Oǹdó, kí á lè dé odò ẹran kí wọ́n tó dúńbú màlúù àkọ́kọ́.