Ìmìtìtì Ilẹ̀ àti Àwọn Ilé Ìjọsìn Ìlú Lima

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀bi ara mi. Ilé amọ̀ ni bàbá mi àgbà kọ́ sí abúlé wa. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Yunifásítì, ojú ilé náà bẹ̀rẹ̀ sí tì mí. Mo bẹ bàbá mi títí ó fi pe bírìkìlà. Wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ níta, wọ́n sì fa ìlà sí i lára kí ẹni tí ń kọjá lọ lè rò pé búlọ́ọ̀kù ni. Bàbá àgbà jókòó lábẹ́ igi, ó ń wò wá. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó bi mí: "Ṣé ògiri náà ń wó ni?" N kò rí èsì fún un.

Ìbéèrè yìí ni ó padà sí mi lọ́kàn nígbà tí olùkọ́ wa nínú ìmọ̀ èdè ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa wá ọ̀rọ̀ kan tí àwọn aṣẹ́gun yá lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n ṣẹ́gun. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi mú orúkọ oúnjẹ àti orúkọ ẹranko. Èmi mú quincha. Ọ̀rọ̀ Quechua ni, èdè tí wọ́n ń sọ ní ilẹ̀ Perú kí òyìnbó tó débẹ̀; ọgbà tí a fi igi àti ẹ̀ka ṣe ni ìtumọ̀ rẹ̀. Àlùfáà Àgùdà kan, Domingo de Santo Tomás, ni ó kọ́kọ́ tẹ ìwé gírámà àti ìwé atúmọ̀ èdè Quechua jáde, ní 1560, kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lè rí èdè fi wàásù. Wọ́n gba ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ènìyàn náà láti fi kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́. Ó pẹ́ kí ó tó yé wọn pé ẹ̀kọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà fún àwọn fúnra wọn pẹ̀lú.

Ọjọ́ 18 oṣù kìn-ín-ní 1535 ni Francisco Pizarro, ará Sípéènì, tẹ ìlú Lima dó sí ẹ̀bá òkun Perú. Agbára káká ni òjò fi ń rọ̀ níbẹ̀. Ilẹ̀ náà gbẹ, ó tẹ́jú, ó sì jọ ilẹ̀ tí a lè gbé òkúta lé. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wa ní àlejò ní ojú, kò fi í ríran. Lábẹ́ òkun níbẹ̀, ìpele ilẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Nazca ń yọ́ wọ abẹ́ Gúúsù Amẹ́ríkà díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá há, tí ó sì já lójijì, gbogbo ẹ̀bá òkun a mì. Àwọn onílẹ̀ ti ń bá a gbé láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ní Caral, ìlú àtijọ́ kan ní àríwá Lima tí ó ti tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún márùn-ún, a rí ògiri quincha nínú àwókù ilé wọn.

Àwọn aṣẹ́gun kò wo ibẹ̀. Ilé ìjọsìn ni wọ́n fi ń fi agbára wọn hàn, nítorí náà ó níláti rí bí èyí tí ó wà ní Sípéènì. Francisco Becerra ya àwòrán kàtídírà ńlá fún Lima. Iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí ilẹ̀ mì ní oṣù kẹwàá 1609, tí òrùlé tí wọ́n ti kọ́ sì ṣá. Àwọn ọ̀gá oníṣẹ́ jókòó, wọ́n jiyàn. Níkẹyìn wọ́n rẹ òrùlé náà wálẹ̀, wọ́n sì fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó tẹ̀ bí egungun ìhà gbé e ró, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe ní Yúróòpù láyé àtijọ́. Ní 1625 ni wọ́n yà á sí mímọ́. Ẹ kíyè sí i: ìyà ilẹ̀ Perú jẹ wọ́n, ìlú baba wọn ni wọ́n sáré lọ fún oògùn.

Kí ni ó fà á tí irú òrùlé bẹ́ẹ̀ fi ń wó? Kì í ṣe páànù tàbí koríko. Bíríkì tàbí òkúta ni wọ́n tò pọ̀ títí ó fi rí bí ọkọ̀ ojú omi tí a dojú rẹ̀ dé. Ìwúwo rẹ̀ ń ti ògiri síta tọ̀sán-tòru. Bí ilẹ̀ bá mì, tí ògiri ọ̀tún àti ti òsì yà kúrò lọ́dọ̀ ara wọn díẹ̀, òrùlé kò rí ohun tí yóò gbé e mọ́. Orí àwọn tí ń gbàdúrà ni yóò já lé.

Ìmìtìtì ilẹ̀ mìíràn ṣẹlẹ̀ ní oṣù kọkànlá 1655, ṣọ́ọ̀ṣì San Francisco sì wó ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Ní 1657, Constantino de Vasconcelos, ọmọ ilẹ̀ Potogí, bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Manuel de Escobar sì bá iṣẹ́ náà lọ. Ibí yìí ni quincha ti kúrò lára ahéré, tí ó gun orí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá. Wọ́n fi pákó ṣe egungun òrùlé, wọ́n to ìféfe lé e, wọ́n fi awọ dì í, wọ́n fi amọ̀ rẹ́ ẹ, wọ́n sì fi ẹfun kùn ún títí ó fi jọ òkúta. Ó fúyẹ́, nítorí náà kò ti ògiri síta púpọ̀. Bí ilẹ̀ bá mì, a bá a mì. Igi a tẹ̀, okùn awọ a fà, amọ̀ a ṣá díẹ̀, gbogbo rẹ̀ a sì padà sí àyè rẹ̀.

Ìdánwò dé láàárọ̀ ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá 1687. Ọ̀pọ̀ òrùlé bíríkì wó lulẹ̀, kàtídírà pàápàá fara gbá púpọ̀. Òrùlé San Francisco dúró. Láti ìgbà náà ni àwọn oníṣẹ́ Lima ti ń fi quincha ṣe òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì káàkiri. Ọjọ́ tí ó burú jù ni ọjọ́ 28 oṣù kẹwàá 1746, ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá ààbọ̀ alẹ́. Nínú nǹkan bí 3,000 ilé, wọ́n ní 25 péré ni ó dúró. Òkun sì dìde, ó bo Callao tí í ṣe èbúté ìlú náà. Nínú nǹkan bí 5,000 ènìyàn tí ń gbé ibẹ̀, bí 200 ni ó yè.

Louis Godin, onímọ̀ ìṣirò ará Faransé tí ó bá àwọn tí ó wá wọn ayé dé ilẹ̀ náà, wà ní Lima nígbà náà. Manso de Velasco tí ó ń jẹ gómìnà fún ọba Sípéènì ní kí ó gba òun nímọ̀ràn. Ìmọ̀ràn Godin ni pé kí ilé má ga, kí títì fẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mọ́. Àwọn olówó yarí. Ta ni yóò mọ̀ pé olówó ni wọ́n bí wọn kò bá gbé òkè? Wọ́n jà títí ìjọba fi gbà fún wọn, bí wọ́n bá ti lè fi quincha kọ́ ìyẹ̀wù òkè náà. Báyìí ni ohun tí wọ́n ń pè ní ti aláìní ṣe gbé ọlọ́lá sókè.

Kàtídírà náà tẹrí ba. Juan Rehr, àlùfáà ẹgbẹ́ Jésúìtì tí ó ti Prague wá, ni ó ṣe àtúnkọ́ rẹ̀, tí wọ́n sì tún un ṣí ní 1755. Ẹni tí ó bá wọ inú rẹ̀ lónìí tí ó gbójú sókè yóò rí egungun òrùlé tí ó jọ òkúta. Igi àti ìféfe tí a fi ẹfun bò ni. Wọ́n ti gba ọgbọ́n onílẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n fi aṣọ òyìnbó wọ̀ ọ́.

Ògiri kan wà tí wọn kò lè fi pamọ́. Ní 1651, ní àdúgbò Pachacamilla tí àwọn ẹrú Áfíríkà ti ní ẹgbẹ́, ọmọ Àngólà kan ya àwòrán Jésù lórí àgbélébùú sí ara ògiri amọ̀. Kì í ṣe ọmọ Yorùbá. N kò ní fi ipá sọ ọ́ di ẹbí wa. Ìmìtìtì 1655 wó àwọn ilé tí ó yí i ká, ògiri náà dúró. Ti 1687 wó ilé ìjọsìn tí wọ́n kọ́ sí i lára, ògiri náà tún dúró. Ní 1771 ni wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀ṣì Las Nazarenas tí wọ́n kọ́ yí i ká, ògiri náà sì ń bẹ lẹ́yìn pẹpẹ títí di òní. Lóṣooṣù kẹwàá, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ń gbé ẹ̀dà àwòrán náà yí ìlú ká.

N kò wí pé amọ̀ ń ṣe iṣẹ́ ìyanu o. Ògiri bíríkì amọ̀ tí kò ní igi nínú ti pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Perú. Quincha pàápàá ń fẹ́ ìtọ́jú. Nígbà tí ilẹ̀ mì ní oṣù kẹjọ 2007, apá kan òrùlé kàtídírà ìlú Ica wó; ikán ti jẹ igi inú rẹ̀. Ẹfun dára lójú, ó sì bo ikán mọ́lẹ̀. Ohun tí a bá fi pamọ́ nítorí ìtìjú, ta ni yóò rántí láti tọ́jú rẹ̀?

Ní ìsinmi tí ó kọjá, mo padà sí abúlé wa. Sìmẹ́ǹtì tí a fi rẹ́ ilé ti ń ṣí kúrò ní abala-abala. Ògiri abẹ́ rẹ̀ kò yẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ fún bàbá àgbà, mo sì wí pé, "Bàbá, mo mú èsì ìbéèrè yín wá. Ògiri yín kò wó. Ojú ni ó ń tì mí." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n jókòó. Mo bi í bí wọ́n ti ń yan ilẹ̀ tí a ti í wa amọ̀, iye ọjọ́ tí amọ̀ ń sùn kí a tó tún un pò, àti orúkọ igi tí ikán kì í jẹ. Ilẹ̀ ṣú kí ó tó dáhùn ìdajì, ìwé tí mo mú lọ́wọ́ sì kún. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ lọ bi àwọn tiyín kí ilẹ̀ tó ṣú.