Ohun Tí Wọn Kò Sọ fún Nọ́ọ̀sì

Kòkòrò mẹ́ta ló sábà ń ti inú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn wọ ara òṣìṣẹ́ ìlera: HIV, hepatitis B àti hepatitis C. Bí abẹ́rẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ bá gún nọ́ọ̀sì, ìgbà bíi 3 nínú 1,000 ni HIV ń ràn án. Ti hepatitis B lè tó 30 nínú 100 bí kò bá tíì gba àjẹsára. Síbẹ̀, HIV ni wọ́n bẹ̀rù jù, ìbẹ̀rù náà sì dé kóòtù.

 Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìkẹjà ni ọ̀zílíárì nọ́ọ̀sì kan ti pe ilé ìwòsàn aládàáni tó gbà á síṣẹ́ lẹ́jọ́ ní 2000. Ní 1995, eéwo ló mú un lọ bá dókítà tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, kò sọ àyẹ̀wò tó ṣe, kò sì sọ èsì rẹ̀. Ó fi lẹ́tà tí wọ́n lẹ̀ pa rán an lọ sí ilé ìwòsàn mìíràn. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ pé òun ní HIV. Ìwé ìlénilẹ́nu-iṣẹ́ ló bá pàdé nígbà tó padà. Oyún inú rẹ̀ wálẹ̀, wọn kò sì tọ́jú rẹ̀. Ìwà ìkà gbáà ni.

Ní 2001, adájọ́ kan ní nọ́ọ̀sì náà kò gbọdọ̀ wọ kóòtù, àfi bí onímọ̀ bá jẹ́rìí pé kò ní kó àrùn ran ẹnikẹ́ni. Oṣù Kẹsàn-án 2012 ni wọ́n tó dá a láre, pẹ̀lú owó gbà-má-bínú mílíọ̀nù 7 náírà. Òfin àpapọ̀ 2014 wá ka fífi àyẹ̀wò HIV ṣe gbèdéke ìgbanisíṣẹ́ léèwọ̀.

Ọdún yẹn kan náà ni aláìsàn kan fúnra rẹ̀ fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje, Patrick Sawyer balẹ̀ sí pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà láti Liberia. Ó ní òun kò súnmọ́ ẹnikẹ́ni tó ní Ebola, bẹ́ẹ̀ sì ni àrùn náà ti pa arábìnrin rẹ̀. Ibà ni wọ́n kọ́kọ́ pè é ní ilé ìwòsàn kan ní Obalende, títí Dókítà Ameyo Adadevoh fi fura, tó sì kọ̀ láti jẹ́ kó lọ. Pẹ̀lú Sawyer, ènìyàn 20 ló ní Ebola ní Nàìjíríà, òṣìṣẹ́ ìlera ni 11 nínú wọn. 8 kú, Adadevoh wà lára wọn.

Ní ti HIV, nọ́ọ̀sì tó bá tètè mọ̀ pé ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó kan òun lè bẹ̀rẹ̀ oògùn HIV láàárín wákàtí 72, kó sì lò ó fún ọjọ́ 28. Àjẹsára ló ń dènà hepatitis B. 2004 ni Nàìjíríà tó fi í kún ti ọmọdé, nítorí náà ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tó dàgbà ṣáájú ìgbà náà ní láti wá tiwọn gbà.