Ínfátà
Nínú ilé ni ọ̀pọ̀ wa ti mọ̀ ọ́n: ó ń sọ iná bátìrì di èyí tí fáànù lè lò. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ojú irin oní-dísẹ́ẹ̀lì, jẹnẹrétọ̀ ni ẹ́ńjìnnì ń yí, kì í ṣe ẹsẹ̀ ọkọ̀. Nínú àwọn tó ń lo mọ́tò AC (iná tí ń yí ọ̀nà padà), wọ́n á sọ iná náà di DC (iná tí ń sàn sọ́nà kan). Ínfátà á wá gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ, á fi ṣe AC tuntun fún mọ́tò. Bí AC yìí bá ṣe ń yára yí padà sí ni mọ́tò ṣe ń sáré sí. Ínfátà ilé kì í yí ìyára AC rẹ̀ padà báyẹn. Mọ́tò ọkọ̀ yìí kò sì ní kábọ́ọ̀nù tí ń jẹ tán. Nínú irú ọkọ̀ ojú irin Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní SD70MAC (1993), ínfátà kan ló ń bọ́ mọ́tò mẹ́ta. Nínú irú mìíràn, AC4400CW, mọ́tò kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, nítorí náà ẹsẹ̀ tó bá yọ̀ nìkan ni wọ́n ń dẹwọ́ fún.