Palomares, 1966: Bí ọkọ̀ òfurufú méjì ṣe forí sọra, tí àdó olóró mẹ́rin sì já bọ́ ní Sípéènì

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 17, oṣù Kíní, ọdún 1966, ọkọ̀ òfurufú ológun Amẹ́ríkà méjì forí sọ ara wọn lójú òfurufú, létí òkun gúúsù ìlà-oòrùn Sípéènì. Àdó olóró núkílíà mẹ́rin ni B-52 gbé. Epo tí wọ́n fẹ́ bù fún un ni KC-135 gbé. Méje kú nínú àwọn 11 tó wà nínú ọkọ̀ méjèèjì.

Kí ló gbé wọn débẹ̀?

Lásìkò náà, Amẹ́ríkà àti Soviet Union ń fi ojú ọ̀tá wo ara wọn. Amẹ́ríkà fẹ́ kí ọkọ̀ tó gbé àdó olóró máa wà lókè tọ̀sán-tòru, ṣùgbọ́n epo tí ọkọ̀ kan lè gbé kò tó irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń bu epo fún un láìbalẹ̀.

Ọkọ̀ elépo á ṣíwájú, èkejì á rọra súnmọ́ ọn láti ẹ̀yìn àti ìsàlẹ̀, kí ọ̀pá epo lè wọ ihò orí rẹ̀. Eré àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Lọ́jọ́ náà, ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 31,000 sókè, B-52 sáré súnmọ́ jù. Wọ́n gbá ara wọn, epo sì gbiná. Kò sẹ́ni tó yè nínú KC-135. Mẹ́rin nínú àwọn méje inú B-52 fi parachute yọ.

Níbo ni àwọn àdó náà bọ́ sí?

Mẹ́ta bọ́ sórí ilẹ̀ ní àyíká Palomares, abúlé àwọn àgbẹ̀. Kò sí èyí tó bú bí àdó núkílíà, ṣùgbọ́n ẹ̀tù inú méjì bú, ó sì fọ́n plutonium sórí oko. Ìkẹrin rì sínú Òkun Mẹditaréníà. Apẹja kan tó rí i nígbà tó ń já bọ́ tọ́ka ibẹ̀, ọkọ̀ abẹ́ omi Alvin wá a rí, wọ́n sì fà á jáde ní oṣù Kẹrin.

Ṣé ọ̀rọ̀ náà ti tán?

Ní oṣù Kẹta ọdún náà, mínísítà Sípéènì, Manuel Fraga, àti aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà lúwẹ̀ẹ́ nínú òkun níwájú àwọn oníròyìn, láti fi hàn pé omi náà kò léwu. Amẹ́ríkà kó nǹkan bí tọ́ọ̀nù 1,400 yẹ̀pẹ̀ àti irúgbìn lọ sin sí South Carolina.

Ṣùgbọ́n wọn kò kó o tán. Ní ọdún 2015, orílẹ̀-èdè méjèèjì tún fọwọ́ sí ìwé pé àwọn yóò jíròrò lórí ìyókù. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ìjàm̀bá náà gbà. Plutonium nílò nǹkan bí ọdún 24,000 kí agbára rẹ̀ tó dín sí ìdajì.